Pósí Tí Wọ́n Fi Ara Mi Wọ̀n

Láàárín àwa Yorùbá, ẹnikẹ́ni kì í là á mọ́ ọmọ lójú pé ìyá rẹ̀ ti kú. Wọn á ní ara Màmá kò yá díẹ̀. Wọn á ní kí ó máa bọ̀ nílé. Ẹni tí wọ́n rán kò ní wo ọmọ náà lójú, bí ọmọ bá sì bi í pé ṣé ó le, á ní kò le, ẹ ṣáà máa bọ̀. Kò sí àgbàlagbà tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Inú ọkọ̀ lèèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

Èmi gan-an, àníyàn ni wọ́n bí mọ́ mi. Bí ọmọ mi bá pẹ́ níbi tí mo rán an, mo ti rí i lábẹ́ mọ́tò. Bí ọkọ mi bá wúkọ́, mo ti di opó. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, láwọn ọdún tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣì jẹ́ ọmọdé, nígbà tí dírẹ́bà tó ń ná Ìmẹ̀sí-Ilé yọjú sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wa ní Òṣogbo, tó ní, "Àǹtí, wọ́n ní ara Màmá ò yá díẹ̀, wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ nílé," ojú ẹsẹ̀ ni mo ti gbà pé Màámi ti kú.

Mo ní, "Ṣé ó le ni?"

"Kò le, Àǹtí. Ẹ ṣáà tètè máa bọ̀."

Ilẹ̀ ló ń wò. Mo ní kí ó jókòó kí n ra mínírà fún un, ó ní rárá, òun ń kánjú. Ta ni kì í mu mínírà ọ̀fẹ́ nínú irú oòrùn yẹn? Bó ṣe kẹ̀yìn sí mi báyìí ni mo fi igbe ta, tí gbogbo ọ́fíìsì fi pé lé mi lórí. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé orí ìlà epo ló fi ọkọ̀ rẹ̀ sí, tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gba ipò rẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọkùnrin náà sọ fún mi. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, èmi ni kò rà á.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan wà, obìnrin, tí àga wa kọjú síra, díákónẹ́ẹ̀sì ni nínú ìjọ rẹ̀. Òun ló gbá mi mú, tó ní kí n ṣe ọkàn akin. Òun náà kò bèèrè pé ṣé wọ́n sọ fún mi pé Màámi ti kú. Ta ló ń bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Èmi ni àkọ́bí. Àwọn àbúrò mi wà lókè ọya àti Èkó, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ tètè gbọ́, torí fóònù kan ṣoṣo tó wà nítòsí wa, orí tábìlì ọ̀gá ló wà, ọjọ́ tí kì í dún sì pọ̀ ju ọjọ́ tó ń dún lọ. Ní Ìmẹ̀sí, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú òkú, ilẹ̀ kì í pẹ́ gbà á. Mo sì mọ àwọn ará ilé wa. Bí mo bá dé lọ́wọ́ òfo, wọn á ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba fi ẹní wé ìyá rẹ̀ sin. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn bà mí tó ikú fúnra rẹ̀. Mo ní kí ẹlẹgbẹ́ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kan pósí.

Káfíńtà tó mọ̀, Òkè Baálẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Àga àti bẹ́ẹ̀dì ló ń kàn níwájú, pósí ló ń kàn lẹ́yìn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ó sì máa ń ṣí fìlà bí ó bá ń bá olókùú sọ̀rọ̀. Kò bèèrè àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn oníṣẹ́ pósí kì í gbà á. Oníbàárà wọn kì í dúnàá-dúrà, àwọn náà kì í bèèrè kọ́bọ̀ títí iṣẹ́ á fi jáde, torí kò sí ẹni tó gbà pé èèyàn lè ní kí wọ́n kan pósí kí ó tún wá yí ohùn padà. Aránṣọ lè bẹ̀rù oníbàárà. Káfíńtà pósí kò ní ohun tó ń bẹ̀rù, ikú kì í yí ohùn padà.

Ó ní, "Màdáámù, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Báwo ni Màmá ṣe ga sí?"

Mo ní, "Ìdúró kan náà ni wá. Gbogbo ayé ló máa ń sọ ọ́."

Ó mú téèpù, ó ní kí n fara ti ògiri. Mo fara ti ògiri. Ó na téèpù láti àtàrí mi dé gìgísẹ̀, ó tún fi wọn èjìká mi, èmi sì ń sunkún, ẹlẹgbẹ́ mi ń bá mi gbé báàgì. Mo ní kí ó ti parí kí Mọ́ńdè tó dé, èmi á lọ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n dúró dè é. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ṣùgbọ́n èmi kò ríran lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo dé ilé wa ní Dàda Estate, mo sọ fún ọkọ mi. Rélùwéè ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé ohun tí wọ́n bá kọ sára pátákó ní tésàn ni ọkọ̀ máa ṣe.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ti kú?"

"Dírẹ́bà."

"Kí ló sọ gan-an?"

"Ó ní ara wọn ò yá."

"Ó lè jẹ́ pé ara wọn ò yá ni o."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ẹkún. Mo ní ṣé wọn kì í fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ túfọ̀ ní ìlú tirẹ̀ ni. Ó lọ wá bàtà rẹ̀ tí ó máa wọ̀ lọ.

Epo wọ́n, a kò rọ́kọ̀ títí di àárọ̀ Sátidé. Aṣọ dúdú ni mo wọ̀ láti òkè délẹ̀. A wọkọ̀ dé Iléṣà, a pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, láti Iléṣà ni mo sì ti ń sunkún, tí àwọn èrò ọkọ̀ ń bá mi kẹ́dùn, tí obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí fi orí mi lé èjìká rẹ̀. Nígbà tí àwọn òkè Ìmẹ̀sí yọ, mo bú sẹ́kún lákọ̀tun. Mo sáré wọ agboolé wa pẹ̀lú ìró tó ń tú, ọwọ́ lórí.

Màámi jókòó nídìí ààrò, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná.

Ó gbé ìgò ojú rẹ̀ sókè, ó wo aṣọ mi. "Kí ni? Ta ló kú?"

Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wo òrùlé. Mo ní, "Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa ni, Màámi."

"Ọlọ́run á dáwọ́ rẹ̀ dúró," ó ní, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ̀. "Ibà ló mú mi, mo ní kí wọ́n sọ fún ọ, ó ti ń lọ ulé ẹ̀. Jókòó, kí n bu ẹ̀kọ fún ọ."

Mo jókòó, mo mu ẹ̀kọ. Inú mi dùn, mo dì mọ́ ọn, mo tún dì mọ́ ọn, títí ó fi bi mí pé ṣé èmi gan-an kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n kí n tó mu ẹ̀kọ náà dé ìdí abọ́ ni mo rántí Òkè Baálẹ̀. Ayùn kan ń rẹ́ pákó níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kò sì sí bí mo ṣe lè dá a dúró. Mo gbé abọ́ sílẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa lọ sí Òṣogbo kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbà. Ní Mọ́ńdè, bí mo ṣe fi í jókòó sí pálọ̀ wa tán báyìí ni mo sá lọ sọ́dọ̀ káfíńtà. Iṣẹ́ ti parí. Ó gbé e sórí ẹsẹ̀ igi méjì, ó ń fi àkísà pa fáníìṣì sí i lára. Bó ṣe rí mi, ó ṣí fìlà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá ò kú o."

Ọkùnrin náà yọ̀. N kò lè gbàgbé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba!" Ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín tán, àwa méjèèjì yíjú sí pósí náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní, "Ẹ bá mi gbé e kúrò. A ò fẹ́ ẹ mọ́."

Ó ní, "Pákó ò mọ̀ pé Màmá jí, Màdáámù."

Ó ṣàlàyé fún mi láìbínú. Àwìn ló fi ra pákó ní sọ́míìlì, torí mo ní kí ó yá. Kò lè tà á fún olókùú mìíràn, torí pósí tí wọ́n ti dárúkọ ẹnì kan lé lórí, àwọn èèyàn kì í gbà á. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹni náà tún jí, ìyẹn ló burú jù, wọn á ní pósí náà ṣì ń retí ẹnì kan. Kò lè gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń wá ra bẹ́ẹ̀dì ìyàwó á sá. Ó ní kí n lọ sinmi ná, kí n tọ́jú Màmá, a óò sọ ọ́. Mo kúrò níbẹ̀ láìdágbére.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé ìbéèrè náà rọrùn bí ó bá jẹ́ àga ni. Ẹni tó ní kí wọ́n kan àga, tó ní òun kò fẹ́ mọ́, kí ó sanwó iṣẹ́, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kó ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì, ẹlẹgbẹ́ mi sì fò dìde lórí àga.

Ó ní, "Má dán an wò! Ọjọ́ tí o bá sanwó rẹ̀ ni o rà á. Ṣé wọ́n ń ra pósí fún alààyè ni? Ẹni tó bá ra nǹkan, á lò ó. Ta ni wọ́n tilẹ̀ fi wọ̀n ọ́n?"

Nígbà tó sọ ìyẹn ni mo rántí téèpù, láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Pósí kan wà ní Òkè Baálẹ̀ tí wọ́n fi ara mi wọ̀n, tí wọ́n fi orúkọ ìyá mi kàn. Bí mo bá sanwó rẹ̀, èwo nínú àwa méjèèjì ni mo rà á fún?

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nílé. Ó ní, "Ẹni tó ní kí wọ́n kàn án ló ni ín. Nígbà tiwa ní rélùwéè, bí o bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tí o kò bá wọkọ̀, ọkọ̀ á ṣáà lọ. Ta ni wọ́n máa dá owó padà fún?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀run lẹ fi ń wé e!"

"Iṣẹ́ ni mo ń wí. Ọkùnrin yẹn ṣiṣẹ́."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi bínú. Owó náà wà. N kò lè sọ pé àìní ló fà á. Mo kàn ń wò ó bí ẹni pé bí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ mi báyìí, nǹkan kan máa gbọ́, á sì wá gba ohun tí mo ra. Mo gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Mo gbàdúrà kí iná jó ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, mo tún yára bẹ Ọlọ́run kí ó má gbọ́ ìyẹn.

Káfíńtà kò wá sílé wa. Ẹni tó ń kan pósí kì í wọ ilé onílé láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Bí ó bá wọlé kí ọ lásán, o máa fi ìgbálẹ̀ gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ kó ìpayà bá wa. Ohun tó ń ṣe ni pé á wá dúró lódìkejì títì, lábẹ́ igi fúrúùtù, á wúkọ́. Bí mo bá yọjú, á ṣí fìlà. Bí n kò bá yọjú, á dúró díẹ̀, á sì lọ. Kò pariwo mọ́ mi rí. Ó sàn kí ó pariwo.

Màámi ń jókòó sí ìta wa láti gba atẹ́gùn. Ó ń rí i.

"Ọkùnrin yìí ń wá ẹnì kan," ó sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Mo ní, "Ó ń wáṣẹ́ ni, Màámi."

"Abẹ́ ugi ni wọ́n ti ń wá uṣẹ́ ní Òṣogbo?"

Mo ní kí ó wọlé, ọbẹ̀ efinrin rẹ̀ ti jinná. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jẹun nílé, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè jókòó ní ọ́fíìsì. Gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ ni kí Màámi má ṣe gbọ́ pé nígbà tó ń mu ẹ̀kọ, èmi ọmọ rẹ̀ ń ra ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí. Ara arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti inú ibà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà nìkan á pa á. Ní wákàtí tí mo bá wà ní ọ́fíìsì, mo máa ń gbọ́ ìkọ́ káfíńtà náà létí.

Ohun tí n kò rò ni ọmọ ẹni tí Màámi í ṣe. Òṣómàáló ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó máa ń ru aṣọ lọ sí ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà lọ gbowó. Bí oníbàárà bá ń fi òní dọ́la, bàbá náà á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á ní òun kò ní jókòó, òun kò ní dìde, òun kò ní mu omi, òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gbowó. Oníbàárà á wo àgbàlagbà tó lóṣòó síwájú ilé rẹ̀ lójú gbogbo ayé, kò ní pẹ́ tí á fi lọ gbé owó wá. Màámi máa ń sọ ìtàn náà fún wa ní kékeré, a ó sì máa rẹ́rìn-ín.

Mo ti ọ́fíìsì dé ní ọjọ́ kan, mo bá a níbi tó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ mi. Ó fi ìró há ẹsẹ̀, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, ó kọjú sí ìta. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú pálọ̀, ó mú ife omi lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Mo pariwo. "Màámi! Ẹ dìde! Kí ló dé?"

"Òṣó ni mo ló."

"Ta ló jẹ yín lówó?"

"Ùwọ ni. O kò jẹ èmi, káfíńtà lo jẹ. Òun ò lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, torí uṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ń bá a lóṣòó ni."

Mo wó lulẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀ ju tèmi lọ. Ó ní òun pe ọkùnrin abẹ́ igi náà, ó kọ̀, kò wọlé. Òun bá rọra sọdá títì lọ bá a. Òun bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ó ní káfíńtà. Òun bi í pé kí ló kàn fún ọmọ òun. "Ló bá dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó ní, 'Màmá, ẹ óò pẹ́ láyé.' Mo ti mọ̀. Káfíńtà tó kan àga kì í ṣe irú àdúrà yẹn."

Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó dìde, orúnkún rẹ̀ kò gbà á, ibà á tún padà. Mo ní kì í ṣe pé n kò fẹ́ san án. Mo ní, "Owó ikú ni, Màámi. Bí mo bá san án, mo rà á fún yín nìyẹn."

"Owó uṣẹ́ ni," ó ní. "Ukú kì í gbowó. Bó bá ń gbowó ni, èmi ì bá ti tà ulé san án kí bàbá rẹ má baà lọ. Aṣọ tí wọ́n bá ti gé fún ọ, kò lè padà sára ìgàn. Ùwọ lo ní kí wọ́n gé e. Ọmọ òṣómàáló kì í jẹ́ kí wọ́n lóṣòó de òun."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mo rí i lára ìró rẹ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo gbé owó náà jáde láti ìdí àpótí tí mo fi í pamọ́ sí bí ẹni pé ejò ni, mo gbé e fún ọkọ mi. Ìgbà náà ni Màámi na ọwọ́ kí n fà á dìde. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò mọ̀ pé ó ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó ní òun máa bá wa lọ sí Òkè Baálẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Nígbà tí káfíńtà rí i tó ń bọ̀, ó fẹ́ fi aṣọ bo nǹkan náà, Màámi ní kí ó fi í sílẹ̀. Ó yí i ká. Ó fi ọwọ́ pa á lára, ó fi ìka kàn án wò, ó ní iṣẹ́ náà dára. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣeré létí kànga. Lẹ́yìn náà ni ó dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo orí, ó wo ìdí, ó ní:

"Ó gùn jù mí lọ."

Káfíńtà wò mí. Màámi náà wò mí.

"Ara tìrẹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O ṣe bí mo ṣì ga tó ọ," ó ní. Kò bínú. Ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí o ti wò mí kẹ́yìn."

Nígbà náà ni mo wò ó, lójú gbogbo wọn, láàárín lẹ́búlẹ́bú pákó. Orí rẹ̀ kò kọjá èjìká mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Èmi tí mo máa ń yà kí i lọ́dún Kérésì, tí mo máa ń gbé àpò ìrẹsì sílẹ̀ tí mo sì ń sáré padà nítorí ọ̀nà, ìyá àtijọ́ ni mo ṣì ń rí lọ́kàn. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọkọ mi sanwó. Káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kò kà á. Màámi wá ní báyìí tó ti di tiwa, kí ó tú u, kí ó fi pákó rẹ̀ kan bẹ́ńṣì, èyí tí òun máa gbé síwájú ilé òun ní Ìmẹ̀sí. Káfíńtà bèèrè pé ṣé kí òun gé e kúrú.

"Má gé e. Jẹ́ kí ó gùn bó ṣe gùn. Ẹni tó bá wá kí mi á rí ibi na ẹ̀yìn."

Dírẹ́bà tó jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́sí fún mi náà ló gbé e sórí ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí, kò sì mọ ohun tó gbé. Àwọn ará agboolé ń jókòó lé e, wọ́n ń jẹ ìpápánu lórí rẹ̀, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni mo máa ń dúró. Ó pẹ́ kí n tó lè jókòó. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lemọ́lemọ́, kì í ṣe Kérésì nìkan mọ́, tí ọkọ mi fi ń bi mí bóyá mo ti gbaṣẹ́ èrò ọkọ̀.

Ọdún díẹ̀ rékọjá. Dírẹ́bà kan náà tún yọjú sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó ní, "Àǹtí, ara Màmá ò yá. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀." Ilẹ̀ ló tún ń wò. N kò bi í pé ṣé ó le. Ẹlẹgbẹ́ mi ti ń wá gèlè rẹ̀ tó fẹ́ bá mi dìde, n kò dúró dè é. N kò délé pààrọ̀ aṣọ. Ọkọ̀ dírẹ́bà náà ni mo wọ̀, gbogbo ọ̀nà ni mo sì ń gbàdúrà kí ó jẹ́ pé ohun tó sọ náà ni, kí ó jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá lásán, àyà mi sì ń lù bí ẹni pé ó fẹ́ ṣáájú ọkọ̀ débẹ̀.

Ó wà nínú yàrá. Wọ́n ti gbé bẹ́ńṣì wọlé sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣètọ́jú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo pè é. Ó la ojú, ó wo aṣọ ọ́fíìsì mi, aláwọ̀ ọsàn, fún ìgbà díẹ̀.

"O ò wọ dúdú."

"Rárá, Màámi."

"Ṣé o ti yà lọ́dọ̀ káfíńtà?"

"N kò yà níbì kankan. Tààrà ni mo wá."

"Ó ṣeun," ó ní. "Jókòó."

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì náà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó sùn, tó rẹ èmi náà, mo na ara lé bẹ́ńṣì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìjọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó gùn tó mi gẹ́lẹ́.